Igò Inú Iyanrìn

Igò náà kò ga ju ìka àárín lọ. Igò aláwọ̀ búráùn ni, ìdérí rẹ̀ jẹ́ èyí tí à ń lọ́, wọ́n sì fi gègé dúdú kọ ọ́ sára pé SODIUM, 25 g. Inú agolo mílíìkì òfìfo ni wọ́n gbé e sí, wọ́n wá da iyanrìn gbígbẹ yí i ká títí dé ọrùn. Agolo wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, kọ́bọ́ọ̀dù sì dúró ti ògiri tó jìnnà jù sí ẹnu ẹ̀rọ omi. Kò sí páìpù kankan tó gba òkè rẹ̀ kọjá. Kò sí ásíìdì nínú rẹ̀. Ásíìdì ní kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ ní apá kejì yàrá.

Pẹpẹ tí agolo náà wà bá àyà àgbàlagbà dọ́gba. Kò ga débi tí ènìyàn yóò fi máa nàgà mú un kí ó tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rẹlẹ̀ débi tí àgbàrá yóò fi wọlé bá a. Ọ̀rọ̀ àgbàrá kì í ṣe àwàdà ní Accra. Lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, òjò kún agbègbè Kwame Nkrumah Circle, epo jáde láti ilé epo kan, ó léfòó lórí omi, iná ràn án, ẹ̀mí tó bá a lọ sì lé ní 150. Omi ló gbé iná yẹn kiri. Ní ti ohun tó wà nínú igò kékeré yìí, omi kò tilẹ̀ nílò epo: bí ó bá ti kàn án, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọwọ́ Ìyá Láàbù ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà wà. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ yẹn. Auntie ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n, bí gbogbo ọmọdé Accra ṣe ń pe obìnrin tó bá jù wọ́n lọ. Ọmọ Ẹjìgbò ni bàbá wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí àṣẹ ìjọba lé kúrò ní Gáńà ní ìparí ọdún 1969. Ọmọ ẹ̀yà Ga ni ìyá wọn, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n sì dúró sí. Yorùbá wọn já gaara, àfi bí wọ́n bá fẹ́ bá akẹ́kọ̀ọ́ wí ni wọ́n ń bọ́ sínú Ga. Iṣẹ́ wọn ni láti to gbogbo ohun tí olùkọ́ kẹ́mísírì máa lò kalẹ̀ kí olùkọ́ tó wọlé, kí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tí ó bá jáde. Nínú wákàtí méjì tí kíláàsì fi ń wo sódíọ̀mù, ohun tí àwọn ọmọ máa ń rántí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun tó ṣáájú ìṣẹ́jú yẹn àti ohun tó tẹ̀ lé e ni mo lọ wò.

Ilé ẹ̀kọ́ girama náà wà ní Dansoman, kò jìnnà sí ibi tí àwọn mate, ìyẹn kọ́ndọ́kítọ̀ inú ọkọ̀ èrò tro-tro, máa ń pariwo pé Last Stop. Ìjọba ló kọ́ àdúgbò náà ní àwọn ọdún 1970, ilé lórí ìlà, ìlà lẹ́yìn ìlà, òkun sì wà ní gúúsù rẹ̀. Atẹ́gùn òkun yìí ló mú kí iṣẹ́ Ìyá Láàbù nira ju ti ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀ ní Tamale tàbí Kano lọ. Lówùúrọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń pọ̀ débi pé iyọ̀ inú àwo ń dì mọ́ra. Nítorí náà, bí wọ́n bá lágbára lórí rẹ̀, àkókò ọyẹ́ ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ yìí sí, bí oòrùn bá sì ti mú ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ìmúrasílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìjẹta. Iyanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń mójú tó. Wọn kì í lo iyanrìn etí òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nítòsí, owó kò sì sí lórí rẹ̀: iyọ̀ òkun wà nínú rẹ̀, iyọ̀ yẹn sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Iyanrìn odò ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà. Wọ́n á fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á wá dà á sínú páànù fífẹ̀ lórí iná gáàsì, wọ́n á máa fi pátákó pẹlẹbẹ tì í síwá tì í sẹ́yìn bí ẹni ń yan gààrí. Bí wọ́n bá rò pé ó ti gbẹ, wọ́n á mú dígí tútù kan, wọ́n á gbé e sókè páànù. Bí ìrì bá ṣú sára dígí, iyanrìn ṣì ní omi nínú, ó di kí wọ́n tún máa yan án. Ìgbà tí dígí bá mọ́ kedere ni wọ́n tó pa iná. Iyanrìn yìí kún agolo méjì tó ní ìdérí: ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún tábìlì, èkejì fún ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn iyanrìn, ó kan kẹrosíìnì. Inú kẹrosíìnì ni sódíọ̀mù ń gbé, kí afẹ́fẹ́ àti omi má bàa rí i. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì tí a bá rà ní ilé epo lè ti ní omi nínú tẹ́lẹ̀, ojú lásán kò sì lè rí i. Ìyá Láàbù ní ìyẹ̀fun kan tó ń bá wọn rí i, copper sulphate. Àwọ̀ búlúù ni ó ń ní bí omi bá wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yan án gbẹ, ó di funfun. Wọ́n á bu kẹrosíìnì díẹ̀ sínú túbù, wọ́n á fi ìyẹ̀fun funfun náà bíńtín sí i, wọ́n á dé e, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á wá gbé túbù sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n á dín ojú. Bí búlúù bá yọ, bó ti wù kó kéré tó, kẹrosíìnì yẹn ti di ti àtùpà nìyẹn, fún ìgbà tí dumsor, iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, bá pa iná ìlú.

Irin iṣẹ́ wọn kò pọ̀: ọ̀bẹ kan, ẹ̀mú kékeré méjì, táìlì funfun kan tó ṣẹ́ kù lára èyí tí wọ́n fi tẹ́ ilé ìwẹ̀, àti pépà asẹ́ tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́. Gbogbo rẹ̀ ń wọ ààrò iná mànàmáná kékeré fún wákàtí kan. Kì í ṣe ibẹ̀ ló ń tutù. Bí wọ́n bá gbé irin gbígbóná sílẹ̀ gbangba ní Dansoman, kí ó tó tutù tán ọ̀rinrin ti padà sára rẹ̀. Inú ike ńlá kan tó ń dé pinpin ni wọ́n ń kó wọn sí, pẹ̀lú àwọn àpò silica kéékèèké tí à ń bá nínú páálí bàtà tuntun. Ìyá Láàbù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da àpò wọ̀nyẹn nù. Àwọn olùkọ́ mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ra bàtà, ó ń mú ti inú páálí rẹ̀ wá fún wọn.

Ọ̀bẹ náà yà mí lẹ́nu. Mo rò pé yóò mú bí abẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ni, kò ní ṣóńṣó, èékù rẹ̀ sì gùn. Wọ́n ní sódíọ̀mù kò le, pé ọ̀bẹ tó bá mú jù á kọjá lára rẹ̀, á sì bá ọwọ́. Wọ́n wá fi kún un pé, “Ẹ̀jẹ̀ náà, omi ni.”

Kí wọ́n tó ṣí agolo lọ́jọ́ náà, wọ́n á fi awò ààbò bojú, wọ́n á so ìborùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ iwájú orí kí òógùn má bàa kán sílẹ̀, wọ́n á pa fáànù, wọ́n á sì ṣí fèrèsé sílẹ̀. Wọ́n á fi aṣọ gbígbẹ nu tábìlì, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò. Ike omi mímu akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ wọ yàrá. Wọ́n á da kẹrosíìnì tí wọ́n ti yẹ̀ wò sínú abọ́ dígí kékeré kan, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táìlì. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fa igò yọ láti inú iyanrìn.

Wọn kì í sáré ṣí i. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e sókè, wọ́n á yí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wo inú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ kẹrosíìnì ni sódíọ̀mù dùbúlẹ̀ sí. Lítà kẹrosíìnì kan wọn nǹkan bíi 0.8 kílò, ìwọ̀n sódíọ̀mù bẹ́ẹ̀ wọn 0.97, ti omi sì jẹ́ 1. Nítorí náà ó ń rì nínú kẹrosíìnì, ó sì ń léfòó lórí omi. Lítíọ̀mù, tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, kò ju 0.53 lọ, yóò léfòó lórí kẹrosíìnì pàápàá, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì wà nínú afẹ́fẹ́, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ yóò wá sọ ọ́ di dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ pa lítíọ̀mù mọ́ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú igò ni àwọ̀ èèpo ara irin náà. Èèpo funfun tàbí eérú kò burú: àmì ni pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti kàn án. Bí ó bá nípọn jù, irin inú rẹ̀ kò ní pọ̀ mọ́, àmọ́ kò ní ṣe ọ̀bẹ ní nǹkan kan. Ti pọtásíọ̀mù ló ń bani lẹ́rù. Bí pọtásíọ̀mù bá ti pẹ́ nílẹ̀, èèpo rẹ̀ a máa pọ́n bí ọsàn tàbí kí ó ní àwọ̀ ìyeyè, ọ́síjìn sì ti kó jọ sínú èèpo yẹn. Bí ọ̀bẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọ inú irin tútù tó wà nísàlẹ̀, tí kẹrosíìnì sì wà lára rẹ̀, ó lè bú gbàmù lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń gé e, láìsí omi kankan nítòsí. Ìyá Láàbù kì í tọ́jú pọtásíọ̀mù. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí kíláàsì rí i, wọ́n á fi fídíò hàn wọ́n. Mo gbà pẹ̀lú wọn.

Ní ti irú èèpo yìí, ẹnì kan lè béèrè pé, ṣé alumínímù kì í ṣe irin tó ń yára dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn ni? Òun ni. Ìkòkò dadesɛn tí gbogbo ilé Accra fi ń se ọbẹ̀, ohun tí wọ́n fi rọ ọ́ kì í fẹ́ dá wà láìsí ọ́síjìn, ìdí sì nìyẹn tí ilé iṣẹ́ VALCO ní Tema, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, fi ń jẹ iná mànàmáná ìsédò Akosombo tó bẹ́ẹ̀ láti yọ ọ́ kúrò lára ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti kan alumínímù, awọ kan ń hù bò ó lójú ẹsẹ̀, awọ náà fẹ̀ tó ara, ó dì mọ́ ọn, kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé mọ́. Awọ tí sódíọ̀mù ń hù kò fẹ̀ tó ara rẹ̀. Àyè tí ó gbà kéré sí ti irin tó jóná di awọ náà, nítorí náà ó ń ya, afẹ́fẹ́ sì ń gba ojú ibi tó ya wọlé. Kẹrosíìnì ni awọ tí ènìyàn wá bá a rán.

Ó ti tó àkókò láti gé sódíọ̀mù. Wọ́n fi ẹ̀mú àkọ́kọ́ gbé òkúta irin náà sókè, wọ́n dúró kí kẹrosíìnì ro sílẹ̀ padà sínú igò, wọ́n gbé e lé táìlì, wọ́n dé igò kíá. Ẹ̀mú kò kúrò lára rẹ̀; òun ni ó dì í mú. Ìka wọn kì í kàn án, yálà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tàbí láìsí i, nítorí òógùn kì í tán lójú awọ. Wọ́n gbé ẹnu ọ̀bẹ lé e, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ kejì tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ tààrà sísàlẹ̀. Wọn kò fà á síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Irin náà gba ọ̀bẹ láìjà. Kò sí ariwo.

Ojú tí ọ̀bẹ gé ń dán bíi fàdákà. Mo ti kà á nínú ìwé pé ó ń dán, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ kọjá ohun tí mo rò. Mo rí ìlà fèrèsé nínú rẹ̀. Kí n tó pe ẹnikẹ́ni wò ó, ó ti ń ṣú. Àwọ̀ fàdákà di ti òjé, ti òjé di ti eérú, láti etí wọ àárín. Ìyá Láàbù kò wo ìyẹn. Wọ́n ti gé ẹyọ kékeré kan, wọ́n tún gé e sí méjì, wọ́n yọ èèpo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti dá òkúta ńlá padà sínú igò kí ojú gígé rẹ̀ tó ṣú tán. Ẹyọ tó kù lórí táìlì kò ju hóró ìrẹsì tó wú nínú omi lọ. Ẹ̀mú kejì ni wọ́n fi gbé ìyẹn. Wọ́n yí i lórí pépà asẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan lósì, kí pépà fa kẹrosíìnì ara rẹ̀, nítorí kẹrosíìnì tó bá ṣẹ́ kù yóò gbiná lórí omi. Wọ́n jù ú sínú abọ́ kékeré oníkẹrosíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táìlì, kí ó dúró de olùkọ́. Wọn á tún nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí olùkọ́ bá ṣe tán.

Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi gé èyí tó tóbi díẹ̀, kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè rí i. Wọ́n ní kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn wá síwájú, kí wọ́n dúró lẹ́yìn ìlà.

Ìdáhùn yẹn tó, ṣùgbọ́n ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ẹyọ tó wọn 0.05 gíráàmù yóò tú nǹkan bíi mílílítà 26 gáàsì háídírójìn jáde láti inú omi. Ìyẹn kò kún ife ọtí kékeré. Ooru tó bá a jáde ń wọ inú omi tó yí i ká, ẹyọ náà sì ń rìn kiri lórí omi, nítorí náà kò sí ibi tí ooru ti ń kó jọ. Bí a bá sọ ẹyọ náà di ìlọ́po mẹ́wàá ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga, ara rẹ̀ tó ń kan omi di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, àmọ́ irin inú rẹ̀ di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ooru kò ríbi sá sí mọ́. Ní 1947, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ sọ àgbá sódíọ̀mù tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ogun nù. Wọ́n yí wọn láti orí òkè sínú adágún Lenore ní ìpínlẹ̀ Washington, wọ́n sì ya á ní fíìmù. Àgbá kan yóò balẹ̀ sínú omi, yóò dákẹ́ díẹ̀, omi yóò wá fò lọ sókè ọ̀run. Fíìmù yẹn ni Ìyá Láàbù ń fi han ẹni tó bá ní kí wọ́n gé èyí tó tóbi.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ìwé ń sọ ni pé háídírójìn tó gbiná ló ń fa ìbúgbàù náà. Ìyẹn jẹ́ òótọ́ dé ibì kan, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀: bí gáàsì bá yọ láàárín irin àti omi, ó yẹ kí gáàsì náà ti irin kúrò lára omi, kí iṣẹ́ sì dúró. Ní 2015, Pavel Jungwirth àti Philip Mason pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Chemistry. Ìlú Prague ni Jungwirth ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kán ẹ̀kán àdàlù sódíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù sínú omi níwájú kámẹ́rà tó ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá tó pé, ẹ̀kán irin náà ti hu ẹ̀gún yíká. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti sá kúrò nínú irin bọ́ sínú omi. Àwọn átọ̀mù tó ṣẹ́ kù nínú irin, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn ti lọ, ń ti ara wọn dànù, wọ́n sì tú ká. Ẹ̀gún wọ̀nyẹn ló ń gún gáàsì já, tí wọ́n sì ń rí omi tuntun kàn. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè yára tó ìyẹn. Gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe é kí ẹ̀mú tó là.

Abọ́ omi tí wọ́n ń lò fẹ̀, kò jìn. Kọ́ọ̀pù tóóró kò dára: ẹyọ gbígbóná yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí, dígí yóò sì fọ́. Wọn kì í tẹ́ pépà sórí omi, bí àwọn kan ṣe ń ṣe kí iná lè yọ; pépà ń dá irin dúró sójú kan, ooru ń kó jọ, iná sì ń yọ lóòótọ́. Ìyá Láàbù kò nílò iná. Wọ́n kán phenolphthalein díẹ̀ sí omi náà, ó ṣì mọ́ gaara. Ike aláìláwọ̀ tó nípọn dúró láàárín abọ́ àti kíláàsì. Ìlà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀ jìnnà sí tábìlì tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta àgbàlagbà, gbogbo ojú sì ní awò.

Olùkọ́ sọ tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ìyá Láàbù nawọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ike, ẹ̀mú sún mọ́ omi débi pé kò ní ta sókè, ẹ̀mú là, ọwọ́ padà.

Irin náà ń hó ṣíí. Ooru tirẹ̀ ti yọ́ ọ, nítorí ìwọ̀n 98 Celsius péré ló fi ń yọ́, kò tó èyí tí omi fi ń hó. Ó di róbótó, ó ń dán, ó ń sáré láti etí dé etí, gáàsì abẹ́ rẹ̀ ló ń tì í. Ibi tó bá gbà kọjá, omi ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìlà lórí ìlà, títí gbogbo abọ́ fi di àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó dára púpọ̀. Àwọn ọmọ kígbe. Róbótó náà ń kéré sí i, kò hàn mọ́, ọmọ kan sì gbé ẹsẹ̀ kọjá ìlà. “Kò tíì tán!” ni Ìyá Láàbù sọ, lédè Ga. Ìgbà yẹn gan-an ni ó ta pá! Ẹ̀kán kékeré fò lu ike, ó sì ṣàn sílẹ̀. Sódà kọ́síkì gbígbóná ni ìyẹn, irú èyí tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń lò. Bí ó bá wọ ojú, ó lè fọ́ ọ. Òpin rẹ̀ ló máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí ó dà bí ẹni pé ó ti parí.

Kíláàsì jáde tán, olùkọ́ náà lọ. Apá yìí ni mo rò pé ó ṣòro jù, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Lórí táìlì, èèpo àti ẹ̀rún wà. Ẹ̀rún wà lẹ́nu ọ̀bẹ. Pépà asẹ́ ní kẹrosíìnì, ó sì lè ní irin bíńtín tí ojú kò rí. Bí ẹnìkan bá kó pépà yẹn sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, tí agbálẹ̀ sì da omi fífọ ilẹ̀ lé e lórí, ilé lè jó. Bí ẹnikẹ́ni bá fọ táìlì náà lábẹ́ ẹ̀rọ omi, ojú onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ bá.

Nítorí náà ọtí ni wọ́n ń lò. Propanol ni, èyí tí wọ́n ń rà ní igò láti ilé ìtajà kẹ́míkà, nítorí kì í bá sódíọ̀mù jà bí omi ṣe ń bá a jà: ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo béèrè bóyá akpeteshie, ògógóró tiwa, lè ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Omi inú rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n ní, àti pé kò ní pẹ́ tán nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n fi ẹ̀mú ṣa àwọn ẹ̀rún tó ṣeé ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jù wọ́n sínú kọ́ọ̀pù ọtí náà nítòsí fèrèsé tó ṣí, iná kankan kò sì gbọdọ̀ sí nítòsí, nítorí háídírójìn ń jáde, ọtí náà sì ń gbiná. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí èkejì tó wọlé. Ọ̀bẹ, ẹ̀mú àti pépà tẹ̀ lé wọn, táìlì wọ abọ́ ọtí tirẹ̀. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ìhó inú kọ́ọ̀pù. Wọn kò mú fóònù jáde.

Nígbà tí ìhó náà dúró, wọ́n fi igi dígí rò ó. Ìhó mìíràn yọ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n tún jókòó. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó kán omi àkọ́kọ́ sí i, ẹ̀kán kan, wọ́n sì sún ojú sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń kán an. Kò sí nǹkan kan. Ẹ̀kán kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó da omi púpọ̀ sí i, tí wọ́n sì fi ásíìdì tí kò lágbára pa agbára sódà inú rẹ̀, kí wọ́n tó dà á nù.

Agolo iyanrìn méjèèjì kò ṣí lọ́jọ́ yẹn. Mo bi wọ́n nípa ohun èlò ìpaná pupa tó so mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní ti kọ̀ǹpútà àti ti aṣọ fèrèsé ni ìyẹn. Omi kò ṣeé dà lé irin tó ń jó, gáàsì káábọ́ọ̀nù dàìọ́ksáìdì kò sì ṣeé fẹ́ sí i: mágínísíọ̀mù, fún àpẹẹrẹ, ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ gáàsì yẹn gan-an, ó sì ń jó lọ. Iyanrìn gbígbẹ tàbí iyọ̀ gbígbẹ ló lè bò ó. A kì í jù ú lù ú, wọ́n ní; etí iná ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa rọra dà á wọ àárín, kí irin yíyọ́ má bàa ta ká. Wọ́n fi ọwọ́ òfo ṣe é hàn mí lórí tábìlì, ọwọ́ wọn sún mọ́ ilẹ̀, ó ń yí bọ̀ wá láti ìta.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Ní ìwọ̀-oòrùn Dansoman, lẹ́nu odò Densu, oko iyọ̀ wà, omi òkun ń gbẹ nínú rẹ̀ lábẹ́ oòrùn. Sódíọ̀mù kan náà ni, ó ti bá kílórínì dọ́rẹ̀ẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, a sì ń fi í sọ́bẹ̀. Ó di ọdún 1807, nígbà tí Humphry Davy gba iná mànàmáná kọjá nínú sódà kọ́síkì yíyọ́ ní Lọ́ńdọ́nù, kí ẹnikẹ́ni tó rí irin náà lójú. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni ó ti rí pọtásíọ̀mù, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó jó yí yàrá ká. Ìyá Láàbù gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó nínú láàbù àwọn.

Wọ́n mú ìwé ńlá kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, èyí tí wọ́n ti fi rúlà fa ìlà sí. Wọ́n kọ ọjọ́ sí i, wọ́n kọ orúkọ kíláàsì, wọ́n gbé igò lé ìwọ̀n, wọ́n kọ ohun tó wọn kí wọ́n tó ṣí i àti ohun tó wọn báyìí. Wọ́n gbé igò padà sínú agolo, wọ́n da iyanrìn sí ibi tí ó ti rì. Wọ́n wá kọ ìwé kékeré kan sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, pé ààrò ti ń gbóná jù ní apá kan, àti pé àwọn nílò kẹrosíìnì lítà kan kí táàmù tó parí.